Bí a ṣe ń wá oúnjẹ oko tòsí rà ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń rà ní ọjà Bódìjà ni kì í ṣe ilẹ̀ Ìbàdàn ni wọ́n ti gbìn ín. Òkè Ọya ni àlùbọ́sà ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀wà ti ń wá, tòmátì tí a sì ń jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti sun ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀, tàbí iṣu tí wọ́n wa níjẹta, tí ó sì fẹ́ kí owó òun dé ọwọ́ àgbẹ̀ kí àwọn alágbàtà mẹ́ta mẹ́rin tó bù ú jẹ, ní láti mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde ní ìlú, ọjọ́ tí yóò lọ, àti ìbéèrè tí yóò bi ẹni tó pàtẹ. N kò ní kọ iye owó kankan síbí, nítorí iye tí mo bá kọ lónìí lè má wúlò mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń hù nítòsí, àti àsìkò rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn. Márùn-ún wà nínú ìlú. Mẹ́fà yòókù, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, ló yí ìlú ká, níbẹ̀ sì ni oko wà. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá jù ni gbágùúdá àti gbogbo ohun tí a ń fi í ṣe, àgbàdo, iṣu, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, ilá, ata rodo, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti epo pupa. Ẹ fi ẹyin àti ẹja àrọ̀ kún un, nítorí àwọn tó ń sin adìẹ àti àwọn tó ń sin ẹja pọ̀ káàkiri ẹ̀yìn ìlú. Ní tèmi o, ẹni tó bá ń wá àlùbọ́sà tí wọ́n gbìn ní Ìbàdàn kiri ń fi àkókò ṣòfò ni. Kí ó ra ti Òkè Ọya, kí ó sì fi agbára rẹ̀ wá àwọn ohun tó hù sí wa nítòsí ní tòótọ́.

Àsìkò ló le jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọjà ìlú ti jẹ́ kí a gbàgbé pé ohun gbogbo ní ìgbà tirẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, àwọn àgbẹ̀ á gbin àgbàdo àkọ́kọ́, èyí tí a ó máa sè tí a ó sì máa sun ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n á tún gbin òmíràn, ìyẹn náà á sì dé ọjà ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Iṣu tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti oṣù Keje lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n nígbà náà, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iṣu tí yóò gún dáadáa, tí yóò sì pẹ́ nílé, á ṣe sùúrù di ìparí ọdún. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí ẹyìn bá so dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí a ra èyí tí a ó lò fún oṣù mélòó kan. Àgbálùmọ̀ ń dé ní oṣù Kejìlá, ó sì ń bá wa wọ inú oṣù Kẹrin. Òjò ni ìgbín ń bá rìn.

Tòmátì Yorùbá, èyí tó rún lára, tó kan díẹ̀ lẹ́nu, tí omi àti èso inú rẹ̀ sì pọ̀, ni tòmátì ilẹ̀ wa gan-an, ìgbà òjò la sì máa ń rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ rà á nítorí pé kì í ki lójú iná bíi ti Òkè Ọya. Bí a bá lọ̀ ọ́ tí a sì gbé e kaná fúnra rẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí a tó da òróró sí i, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, owó tí a ó ná sí i kò sì tó ti òmíràn.

Ẹ̀fọ́ wà lọ́dún yípo, àmọ́ ibi tó ti ń wá máa ń yí padà. Nígbà òjò, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìn ín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àkùrọ̀ nìkan ló kù, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni, ìdí nìyẹn tí ìdì ewédú fi ń kéré sí i ní oṣù Kìn-ín-ní.

Ẹ yan ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde

Bí ẹ kò bá lè jáde nílùú, Bódìjà kan náà lè ṣeé lò, bí ẹ bá tètè débẹ̀. Láàárọ̀ kùtù ni àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́ wá láti ìgbèríko ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí àwọn alátẹ sì ń rà á ní ìdì ńlá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ẹ ó rí wọn tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń tú ìdì ńlá náà, tí wọ́n ń sọ ọ̀kan di mẹ́ta, tí wọ́n sì ń bu omi wọ́n ọn kí ó má baà rọ. Ẹni tó bá dé kí ìtúdì náà tó bẹ̀rẹ̀ yóò ra ìdì ńlá ní iye tí alátẹ rà á, yóò sì bá ẹni tó gbé e wá láti oko sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá lè jáde, ọ̀nà tó kúrò ní Ìbàdàn pọ̀, ohun tó sì wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ gba Mọníyà àti Akínyẹlé kọjá, àwọn abúlé Ìjàyè àti Ìròkò sì wà ní apá ibẹ̀. Ibẹ̀ dára fún iṣu, àgbàdo, gbágùúdá àti ata. Ọ̀nà Abẹ́òkúta gba Àpáta lọ sí Omi-Àdìó, níbi tí àwọn tó ń ṣe gààrí àti láfún pọ̀ sí. Ọ̀nà Èrúwà gba Ẹlẹ́yẹlé lọ sí Àkùfọ̀ àti Ìdó. Ní Àkùfọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ wà, bí ẹ bá sì tẹ̀ síwájú dé Ìbàràpá, ẹ ó bá ẹ̀gúsí pàdé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde gba Ìdí-Ayùnrẹ́, ilẹ̀ kòkó, ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ ó kọjá Ẹgbẹ́dá kí ẹ tó dé Àṣẹ́jìrẹ́, níbi tí ẹja odò wà. Lálúpọn wà ní apá Lágelú.

Ẹ má gbàgbé àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí kò sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà tó ní wọn tó tiwa. IITA ti wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ láti ọdún 1967, NIHORT tó wà fún èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Ìdí-Ìṣin láti ọdún 1975, IAR&T sì wà ní Moor Plantation ní Àpáta. Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n wà fún, wọn kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n kò burú kí ẹni tó ń gbé nítòsí wọn béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń ta ohun tí wọ́n kórè. Bákan náà ni oko Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ ka ọjọ́ ọjà

Ibi tí àwọn ará ìlú ti ń ṣìnà jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà ọrọọrún ni wọ́n, èyí tí a ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn: bí a bá ná an lónìí, òní jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹrẹẹ́sán, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná ọjà abúlé kan, ó lè jẹ́ pé Àbámẹ́ta ni òun bá a pàdé ni.

Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ rí ọjọ́ kan ṣoṣo tó dájú. Ẹ bi awakọ̀ tó ń ná ojú ọ̀nà náà ní ibùdókọ̀ rẹ̀, nítorí ọjọ́ ọjà ni owó rẹ̀ ń pọ̀, kò lè gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni, tó sì jẹ́ ọjà ọrọọrún, ẹ mú kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin sàmì sí i: Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, kí ó tó tún padà sí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ 28 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Àbámẹ́ta nìkan ló ń ráyè á rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọjà náà yóò bọ́ sí ọjọ́ òun, ẹ̀ẹ̀kan náà yóò sì bọ́ sí Àìkú. Bí ó bá mọ ọjà méjì tí ọjọ́ wọn kò pa pọ̀, yóò máa rí ọ̀kan ná nígbà tí èkejì kò bá bọ́ sí i. Ti ẹrẹẹ́sán, ọjọ́ 56 ni yóò fi padà sí ọjọ́ kan náà.

Bí ọjọ́ bá ti pé, ẹ tètè jáde. Àwọn alájàpá tó ń kó ọjà lọ sí ìlú ti máa ń dúró lójú ọ̀nà ṣáájú kí oòrùn tó ga, tí wọ́n á ti ra ẹrù lórí àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọjà rárá. Ẹ mú owó kéékèèké dání, nítorí ẹ̀rọ POS kì í sábà rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abúlé, kò sì yẹ kí a máa wá ṣéńjì lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìdì ewúro márùn-ún péré wá. Ẹ mú àpò líle àti agbọ̀n tiyín, kí ẹ sì mú kóńgò kan láti ilé.

Ẹ béèrè, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò

Ìkíni ló ń ṣí ọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá jọ àgbẹ̀, ẹ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá tó pàtẹ, ẹ kí i kú ọjà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ìbéèrè tó ń fi alágbàtà hàn yàtọ̀ sí olóko, láìsọ ọ́ bí ẹni ń fẹ̀sùn kan ènìyàn:

“Bàbá, ẹ kú oko o. Àroko bọ́dún dé.”

“Àṣẹ o, ọmọ mi. Ẹ kú àbọ̀.”

“Iṣu yìí mà dára o. Ṣé oko yín ló ti wá, àbí ẹ bá wọn rà á ni?”

“Oko mi ni. Ẹ̀yìn odò tí ẹ kọjá yẹn ni.”

“Ìgbà wo lẹ wa á, sà?”

“Ìjẹta ni. Ẹ wo yẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀, kò tíì gbẹ tán.”

Olóko máa ń dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí láìronú. Alágbàtà á ní “kò pẹ́”. Èyí kò sọ alágbàtà di ènìyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ọjà ju olóko lọ, wọ́n sì lè sọ abúlé tí wọ́n ti rà á fún yín bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè.

Iṣu: ẹ tẹ orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò ti ń jẹrà, ìjẹrà náà kì í sì dúró sójú kan. Ẹ wá ojú ihò wẹ́wẹ́ àti ibi tí ọkọ́ ti gún un. Iṣu tí ọkọ́ gún ṣì dára fún jíjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ sì lè fi í dín owó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má kó o pa mọ́. Ẹ tún béèrè irú iṣu tó jẹ́, nítorí èyí tó dára fún iyán kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó dára fún jíjẹ lásán, ẹ̀wúrà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Gààrí: ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un pọ̀. Èyí tó gbẹ á dún wẹ́wẹ́, á sì tú ká bí ẹ bá ṣí ọwọ́. Èyí tí kò gbẹ á lẹ̀ pọ̀, yóò sì bu nílé kí oṣù tó parí. Ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ tọ́ ọ wò: bí yanrìn bá wà níbẹ̀, eyín yóò sọ fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi sé e, nítorí ẹ̀gẹ́ tí kò kan tó kì í jẹ́ kí oró inú rẹ̀ lọ tó bó ti yẹ. Tí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ béèrè bóyá epo ni wọ́n fi sí i tàbí ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ni. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fi ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ní fítámì A sóde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, IITA sì wà lára àwọn tó ṣe é, nítorí náà gààrí pupa tí kò ní epo rárá wà.

Èlùbọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ará ìlú jẹ jù. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, kò sí ojú tó lè rí láfún tí wọ́n pò mọ́ ọn, à fi ìgbà tí àmàlà bá funfun jù tàbí tó ń fà. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí a má ra èlùbọ́ rárá. Gbodo ni kí ẹ rà, ìyẹn iṣu gbígbẹ fúnra rẹ̀, èyí tó ń wá láti Òkè-Ògùn, ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, tí àwọn abúlé tòsí náà sì ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ dún gbọ̀ngàn nígbà tó bá kán. Èyí tó bá tẹ̀ kí ó tó kán ṣì ní omi nínú. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán bóyá àwọn kòkòrò ti gbẹ́ ihò síbẹ̀, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò: bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ nísàlẹ̀, kòkòrò ló lọ̀ ọ́ ṣáájú yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ fúnra yín, ẹ bi í ní ohun tó lọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí ó kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú gbodo náà nu ẹ̀rọ, kí òórùn ata tàbí ti àgbàdo má baà bá yín délé. Lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ àmàlà rẹ̀, ẹ kò ní fẹ́ padà sí èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ wo ìdí igi rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ewé lè gba omi kí ó tún tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó ti dúdú kò lè parọ́. Ihò wẹ́wẹ́ tí kòkòrò jẹ sí ewé kò dùn mọ́ mi nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kì í sá fún un, nítorí ó ń fi hàn pé oògùn kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn sí i kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè omi tí wọ́n ń wọ́n sí i. Èyí tí wọ́n gbìn sétí odò tó gba àárín ìlú kọjá, tí gbogbo ilé ń da ìdọ̀tí sí, bí Ògùnpa, èmi kò ní rà á bó ti wù kó dán tó.

Ẹyin rọrùn: ẹ fi ẹyọ kan sínú omi nílé kí ẹ tó ra kérétì kejì lọ́dọ̀ ẹni náà. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ tuntun, èyí tó bá nàró ti pẹ́ díẹ̀, èyí tó bá léfòó kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti mángòrò tí gbogbo ara wọn pọ́n bákan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí inú wọn sì le, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kábáìdì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú èso pọ́n ní tipátipá, sí i. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ra èyí tí kò tíì pọ́n, kí ẹ jẹ́ kí ó pọ́n nílé.

Òṣùwọ̀n àti nínájà

Kóńgò tí ẹ mú dání wúlò níbí. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọ inú, tàbí kí wọ́n fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kò ní láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn rọra sọ pé, “Mà, ẹ bá mi fi tèmi wọ̀n ọ́n,” kí ẹ sì ná an lórí rẹ̀. Ẹ ná ọjà díẹ̀, kí ẹ béèrè ẹ̀ní, ṣùgbọ́n ẹ má ná olóko débi tí owó tó kù kò fi ní tó owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Bí ọjà bá ti ń tú, ohun tó kù sílẹ̀ máa ń dínwó, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ru ẹrù padà. Ohun tó dára jù ti lọ nígbà yẹn.

Owó ọkọ̀ lè jẹ gbogbo èrè tí a wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò kan náà dá owó jọ, kí ènìyàn méjì lọ, kí wọ́n sì pín ẹrù bí wọ́n bá dé. Ẹ pín in lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú kóńgò kan náà, kí ẹ sì ti fẹnu kò kí ẹ tó jáde nílé lórí ẹni tí yóò gba iṣu tí ọkọ́ gún.

Bí ẹ bá rí olóko tí ọjà rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ fún un ní tiyín. Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ ń fẹ́ àti iye rẹ̀, kí ó lè pè yín kí ó tó kórè. Bí ó bá sì pè tí ẹ kò lè lọ, ẹ tètè sọ fún un, kí alájàpá lè gbé e. Oníbàárà tó ń dá ẹrù dúró lórí olóko kì í pẹ́ kí wọ́n tó dẹ́kun pípè é.

Bí ẹ bá délé

Ẹ má kó iṣu sínú àpò tàbí kí ẹ tò ó lé sìmẹ́ńtì. Ẹ tò ó sórí pákó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa ṣẹ́ èéhù rẹ̀ bó bá ti ń yọ. Èlùbọ́ tí ẹ lọ̀, ẹ jẹ́ kí ooru ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀ pátápátá lórí àtẹ kí ẹ tó dé e mọ́ inú ike, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa làágùn, yóò sì bu. Ẹ̀fọ́ tí ẹ kò ní sè lọ́jọ́ náà, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó níbi tó tutù, kí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tí ìkòkò bá ti wà lórí iná.